Aṣọ Tí A Wọ̀ fún Ẹ̀yìnkùlé

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dẹwọ́ díẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, torí nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ọrùn nìkan ni òun rí. Mo sọ fún un pé láti kékeré lo ti rí bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe lásán ni mo fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Kò gbà.

Lẹ́tà ni mo kọ, torí fóònù tí o rà fún wa ti bọ́ sínú ọpọ́n ìfọṣọ ìyá rẹ, kò sì jí mọ́. Kò dùn mí púpọ̀. Etí mi kì í gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ju ariwo lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá sì wúwo, mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi kí n lè tún un kà.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo náà nìyí: ẹ̀yìnkùlé wa ń lọ. O rántí bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn yàrá ìyá rẹ lọ sísàlẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn òjò tó kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ lanu nítòsí balùwẹ̀. Mo fi amọ̀ dí i. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó tún lanu, ó wá gùn láti balùwẹ̀ dé ibi tí a ń sá aṣọ sí. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Òpó tí a so okùn aṣọ mọ́ ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ìsàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, erùpẹ̀ já bọ́ sórí páànù tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi bo ààrò rẹ̀. Ó gòkè wá bá mi. Kò pariwo, ó kàn ní, "Baba Aránṣọ, ilẹ̀ yín wá kí mi lónìí o. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti rí i, kó má padà wá."

Bíríkìlà àdúgbò ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ká mọ ògiri ńlá dí i, ká fi sìmẹ́ǹtì di gbogbo ojú rẹ̀ pa, tó fi jẹ́ pé omi gan-an ò ní rí ibi gbà kọjá. Ìyá rẹ ní ká dúró dè ọ́. Èmi náà ní ká dúró dè ọ́. Ṣebí iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀ nìyí? Ẹ̀yin lẹ ń di òkè mú kó má baà ya lu ojú irin. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Abẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí o ti lọ, o ò tíì wálé rí. Gbogbo ìgbà tí a bá bi ọ́, o máa ń ní ó kù díẹ̀. Wá di tiwa náà mú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mo bí ọ, tí mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀,
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó wa. Mo kí màmá mi tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń jẹun dáadáa, pé aṣọ òtútù tí mo wọ̀ ló gbé ọrùn mi síta. Mo ka lẹ́tà yín tán, mi ò lè jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí bíríkìlà má mọ ògiri yẹn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa. Omi ló ń ti òkè ṣubú. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọlẹ̀, á sì máa wá ọ̀nà àtijáde. Ògiri tí kò bá fún omi lọ́nà, omi á kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, á máa tì í títí yóò fi wó, á sì wó pẹ̀lú gbogbo bíríkì rẹ̀ lé Ìyá Oníbúrẹ́dì lórí. Mo ti rí irú rẹ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ǹtì pọ̀ lára ìyẹn gan-an.

Ohun tí àwa ń ṣe kò jìnnà sí iṣẹ́ yín. Aṣọ là ń wọ̀ fún òkè, inú ló sì ń wọ̀ ọ́ sí. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀n dúdú tó le, ó ní egungun gbọọrọ gbọọrọ. Èkejì nípọn, ó rọ̀ bíi búláńkẹ́ẹ̀tì. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, erùpẹ̀ kì í kọjá. A máa ń gbẹ́ òkè náà wọlé bí àtẹ̀gùn, a ó tẹ́ àwọ̀n, a ó da erùpẹ̀ lé e kó ga tó ojúgun èèyàn, a ó gún un mọ́lẹ̀ kó le, a ó ká etí àwọ̀n náà sókè bo ojú erùpẹ̀ yẹn, a ó tún tẹ́ òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí dé òkè. Erùpẹ̀ á di àwọ̀n mú, àwọ̀n á di erùpẹ̀ mú, gbogbo rẹ̀ á wá di ẹyọ kan.

Ọ̀gá mi, tí a ń pè ní Bàtà-ńlá nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ti gbà kí n kó èyí tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ kan tó parí. Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi báyìí. Tó bá dé, ẹ gbẹ́ ìsàlẹ̀ kọ́kọ́, ẹ tẹ́ páìpù tí a dá ihò sí lára síbẹ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ yẹn wé e, kí ẹnu páìpù náà sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí omi ò ti ní bá ilé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ẹ wọn bí òkè náà ṣe ga, ẹ gé àwọ̀n náà sí gígùn yẹn, kí ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Omi balùwẹ̀ àti ti òrùlé, ẹ darí wọn gba iwájú ilé. Ẹ jẹ́ kí màmá kúrò ní yàrá ẹ̀yìn títí iṣẹ́ á fi parí.

Mi ò lè wá báyìí, Bàbá mi. A ti ṣí òkè tí à ń ṣe sílẹ̀ ní ìdajì, èmi ni mo sì ń darí àwọn tó ń tẹ́ àwọ̀n. Tí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí òjò bá a, ojú irin á lọ. Oṣù keje la ó parí rẹ̀. Ó kù díẹ̀.

Ọmọ yín tó ń jẹun,
Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́,

A rí ẹrù gbà. Wọ́n já a sílẹ̀ níwájú ilé, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó. Bíríkìlà ní àwọ̀n ẹja ni, ó bi mí bóyá odò ti dé ẹ̀yìnkùlé wa tí òun ò gbọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì fọwọ́ kan èyí tó rọ̀, ó ní, "Èèyàn ò tíì rí wọ̀, erùpẹ̀ ti ń wọ aṣọ òkè òkun." A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti ẹrù náà, mo bi ara mi léèrè pé ṣé aṣọ ni mo ní kó wá ni, àbí ọmọ mi. Mo gbọ́ pé òkè wọn ti là sílẹ̀. Tiwa náà ti là sílẹ̀. Bóyá torí pé kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa kọjá ni.

Ìyá rẹ ò kúrò ní yàrá ẹ̀yìn o. Ó ní atẹ́gùn àárọ̀ tó ń wọ ojú fèrèsé yẹn ni oògùn orúnkún òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo gbé ibùsùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e padà. Bí òkè yẹn bá lágídí tó ìyá rẹ, à bá má nílò àwọ̀n rárá.

Iṣẹ́ ti parí. Bíríkìlà fajú ro lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí mo ní kó má mọ ògiri, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé èmi àgbà ti ń gbẹ́lẹ̀ fúnra mi, ó gbé dígà rẹ̀ wá. A tẹ́ páìpù, a da òkúta sí i, a fi aṣọ rírọ̀ yẹn wé e. Aṣọ tó dára ni, mo sọ òtítọ́ fún ọ, ọwọ́ mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀. A darí omi balùwẹ̀ bí o ṣe wí.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti bá ọ tún un ṣe. O ní ká gé àwọ̀n yẹn ká máa tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o dàgbà sábẹ́ máṣíìnì mi, o ò mọ̀ pé ibi tí a bá ti gé aṣọ ló ti ń ya? Aṣọ tó délé ní odidi, ẹni tó bá kó àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ láìnídìí, ó bà á jẹ́ ni. Mi ò gé e rárá. Mo tẹ́ ẹ ní odidi, ó lọ gbọọrọ láti igun ilé dé igun ilé, ó yí ẹ̀gbẹ́ òkè ká bí ìgbànú. Ìpele lórí ìpele, kò síbi tó já. Bíríkìlà dúró wò ó, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni.

Kí òjò máa bọ̀. Ó bá wa nílé.

Bàbá rẹ, aránṣọ òkè.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìkíni kéré lónìí.

Ẹ ti tẹ́ àwọ̀n yẹn lódì. Egungun gbọọrọ tó wà nínú rẹ̀, inú òkè ló yẹ kó máa wọ̀ lọ. Ibẹ̀ nìkan ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò lágbára kankan, ìbú rẹ̀ kò sì wọlé jìnnà tó. Bí ẹ ṣe tẹ́ ẹ yẹn, kò di nǹkan kan mú. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gé e nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe ohun tí mo wí? Kì í ṣe ṣòkòtò là ń rán.

Ẹ hú u, gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì lónìí, kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò ní ẹ̀yìn ilé wọn. Ẹ má sọ fún mi pé ilé yín ni, pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà lókè, àwọn ló wà nísàlẹ̀. Orí wọn ni àṣìṣe yín máa wó lé.

Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín. Mo ń pe fóònù màmá bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, mo ṣì ń pè é. Mi ò ní nọ́ńbà Ìyá Oníbúrẹ́dì. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé irú ọmọ wo ni èmi, tí mi ò ní nọ́ńbà ẹni tó ń fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná jẹ lọ sílé ìwé.

Nílé iṣẹ́ lónìí, Bàtà-ńlá rí mi níbi tí mo ti ń wo ojú ọ̀run dípò àwọ̀n. Ó ní òjò ò sí níbí. Mo ní mo mọ̀, pé òjò ibòmíràn ni mò ń wò.

Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi. Ẹ bú mi nínú rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí ìkọ̀wé yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. Fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú.

Èyí àkọ́kọ́, nígbà tí mo kà á, mo ká a, mo fi í sábẹ́ máṣíìnì. Ìyá rẹ bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ní o kí wa. Inú bí mi gan-an, mi ò ní pa á mọ́ fún ọ. O kọ̀wé sí mi bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ wí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí mò ń tún sọ nínú ara mi nìyẹn, tí mo fi ń wa máṣíìnì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Òjò wá rọ̀. Kì í ṣe òjò ńlá, àwọn tó máa ń ṣíwájú ni. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ àgbà. Àárín òkè náà ti yọ ikùn síta. Àwọ̀n tí mo fi dì í ti dẹ̀, mo rí ibi tó ti fà. Nísàlẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbá erùpẹ̀ kúrò lórí páànù ààrò rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣebí ẹ ní ẹ ti parí ẹ̀?" Mo wọlé.

Ègé àwọ̀n kékeré kan tí wọ́n ti gé láti ọ̀dọ̀ yín wá ṣẹ́ kù sílé. Mo fi í há ẹsẹ̀ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fà á ní gígùn rẹ̀. Tábìlì ló wá bá mi, àwọ̀n ò mì. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo tún fà á. Ó dẹ̀, ó dẹ̀, àwọn oríkèé rẹ̀ wá ń já lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi.

Mo jókòó. Abẹ́rẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí ni pé aṣọ ní ibi tí òwú rẹ̀ ń lọ. Mo kọ́ ìwọ náà kí o tó mọ̀wé kọ. Òwú gígùn gbọ́dọ̀ lọ láti èjìká dé ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń fà. Mo mọ èyí, mo sì fi àwọ̀n di òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé mi ò bi òkè léèrè ibi tí tiẹ̀ ti ń fà. Síta ni, sọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Mò ń ṣọ́ kí aṣọ má ya, mo gbàgbé ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà jẹ̀bi díẹ̀. O ní kí n gé e, o ò sọ ìdí. Ta ló ń gbé aṣọ fún aránṣọ pé kó ṣáà gé e?

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá obìnrin náà. Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é lódì, pé ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi, pé mo sì ti fi lẹ́tà náà pamọ́ sábẹ́ máṣíìnì. Ó wò mí, ó wò mí, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọdé. Ó ní, "Ṣé ẹ máa hú u?" Mo ní a máa hú u. Ó ní, "Ìgbà wo?" Mo ní lónìí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, mo rò pé ó lọ kó ẹ̀bi wá bò mí. Ṣọ́bìrì ló mú jáde.

Ó ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Iwájú ilé ló ti ń dáná búrẹ́dì báyìí, nínú àgbá kan tí bíríkìlà gé fún un. Bíríkìlà náà ti dé, ó ní nígbà tí òun ti yin iṣẹ́ náà, ẹ̀bi kan òun. Ìyá rẹ rí ikùn tí òkè náà yọ, ó mú ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ sí yàrá iwájú. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Èrè kan ṣoṣo ló wà nínú agídí mi: torí pé mi ò gé àwọ̀n yẹn, odidi ni à ń hú jáde, a sì lè gé e báyìí bó ṣe yẹ. Mo ti pọ́n ọ̀bẹ. Òjò ńlá ń bọ̀, a ò ní dúró dè é, a ò sì ní dúró de lẹ́tà. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí mi, kí o tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sọ ìdí ohun kọ̀ọ̀kan. Yà á sí ìwé. Bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ iṣẹ́, mo ti gbà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Bàbá mi, ọ̀gá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, èmi obìnrin. Ẹyin lohùn, mo sì ti sọ tèmi sílẹ̀ kó tó yé mi pé orí bàbá mi ló máa fọ́ sí. Ẹ foríjì mí. Ìdájọ́ yín tọ́: mo sọ ohun tí ẹ máa ṣe, mi ò sọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàtà-ńlá ṣe ṣe fún mi nígbà tí mo dé ibí, mo sì tẹ́ àwọ̀n lódì ní ọjọ́ mi àkọ́kọ́. Mi ò sọ fún yín rí.

Mo ti ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ má ṣí gbogbo òkè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí apá tí ẹ ò tíì hú ló ń di ilé mú fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá balùwẹ̀, ẹ parí rẹ̀ dókè kí ẹ tó ṣí apá kejì. Kí àwọ̀n wọnú òkè tó bí òkè ṣe ga, torí ibi tí ilẹ̀ ti là wà lẹ́yìn. Àwọ̀n gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ kó tó rí ilẹ̀ tó dúró dì mú. Kí ẹ fà á kó le kí ẹ tó da erùpẹ̀ lé e, torí èyí tó bá ká wọ́, òkè gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀ kó tó fà á le, a ò sì fẹ́ kí òkè rìn. Ẹ gún erùpẹ̀ náà dáadáa, torí omi fẹ́ràn ibi tó dẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ ta tàpólì bò ó, kí ẹ sì sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Tó bá parí, ẹ gbin koríko sí ojú rẹ̀, kí oòrùn má baà jẹ àwọ̀n.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ń wá nínú lẹ́tà yìí. Ojú irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n sì ti fi òkè mìíràn hàn wá, èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìwé kan. Mi ò fẹ́ kọ "ó kù díẹ̀" sí yín mọ́. Torí náà mi ò kọ nǹkan kan.

Ẹ bá mi dì mọ́ màmá. Ẹ kí Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ sọ fún wọn pé mo rántí búrẹ́dì.

Abẹ́rẹ́ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, Ìyá Oníbúrẹ́dì ní òun náà rántí, pé o kì í dúpẹ́ nígbà yẹn.

Lẹ́tà rẹ bá wa ní apá kejì. Bíríkìlà lẹ àwòrán tí o yà mọ́ ara ògiri balùwẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìwé mímọ́, ó wá ń bá èmi jà tí àwọ̀n mi bá ká wọ́. Mo ń gé e fúnra mi. Ó bó awọ ọwọ́ mi, síbẹ̀ mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e. Ìyá rẹ jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, òun ló ń sọ fún wa pé ibi tí a gún yẹn ò tíì le. Kò gún ilẹ̀ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló máa ń jẹ́. Apá tó kẹ́yìn, abẹ́ òjò wínníwínní la ti parí rẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàpólì lórí wa. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló da ṣọ́bìrì tó kẹ́yìn, ó ní òun ló yẹ.

Òjò ńlá wá dé. O mọ bó ṣe máa ń rí, tí èèyàn ò ní rí ilé tó kọjú sí i. Ó mú ilẹ̀ létí ọ̀nà, ó gbé ọgbà ẹnì kan lọ lápá ibẹ̀ yẹn. Nígbà tó dáwọ́ dúró, èmi àti Ìyá Oníbúrẹ́dì pàdé nísàlẹ̀, a dojú kọ ẹnu páìpù. Omi ń jáde níbẹ̀, ó mọ́ kedere, kò sí ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ gbá ojú òkè náà, ó le. Ìyá Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sábẹ́ omi yẹn, ó bọ́jú, ó ní òun ń lọ gbé ààrò òun padà. Mo sunkún díẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé omi òjò ni, kò gbà.

Ó ti padà sí yàrá rẹ̀, ó ti ṣí fèrèsé. Koríko ti ń yọ. Àwọn tó wà lókè ọ̀nà ti wá ń bi wá léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi òkè ibi tó ti ń fà.

Òkè ti dúró, Abẹ́rẹ́. Mo ti yí gbogbo ilé po, mò ń wá nǹkan mìíràn tó bàjẹ́ tí mo lè fi pè ọ́. Òrùlé ò jò. Ilẹ̀kùn ń tì. Ara ìyá rẹ le, bó tilẹ̀ ń sọ pé kò le. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ lóṣù kejì pé kí o wá di òkè mú, òkè ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká ní kò lọ, ǹ bá wá nǹkan mìíràn tí màá fi pè ọ́. Nísinsìnyí mi ò rí nǹkan kan. O ò wúlò fún wa níbí mọ́ rárá. Wá.

Mo ra aṣọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ́ àwọ̀ aró, ó dára, mo fẹ́ rán an fún ọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo mú àlùmọ́gàjí, mo lọ wo ìwọ̀n rẹ. Ti ọdún tí o lọ ni. Ìyá rẹ ní kí n gé e bẹ́ẹ̀, pé o kì í sanra. Ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ́ aṣọ lódì lọ́dún yìí torí pé mi ò wo ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó sì tó mi.

Aṣọ náà ṣì wà lórí tábìlì, mi ò gbé nǹkan kan lé e. Wá kí n wọ̀n ọ́.

Bàbá rẹ.